Òwú Funfun Léjìká Òsì

Kí Ìyá Ìbéèrè tó dé ìdí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní gbọ̀ngàn àgọ́ ọlọ́pàá, ariwo ìta ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, wọn ò dẹ́kun. Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà ti gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó. Ọlọ́pàá méjì tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ géètì náà ń jó. Ijó kan náà ni gbogbo wọn ń jó: wọ́n fi apá òsì mọ́ ìhà, wọ́n ń ju apá ọ̀tún sókè, wọ́n ń pariwo pé, "Má dákẹ́, má dákẹ́."

"Wọ́n ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ Má-Dákẹ́, Mà," ni Sájẹ́ńtì sọ. Ó pẹ́ tó ti ń bá obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí ṣiṣẹ́, ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí èèyàn wo ojú rẹ̀. "Agbẹjọ́rò ìjọba ló bọ́ síta fúnra ẹ̀. Ó ní ẹ̀rí ò tó."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹ̀rí pọ̀ ju èyí tóun nílò lọ."

"Atúnbàtàṣe, ẹlẹ́rìí wa, ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun ò rí i dáadáa mọ́."

Má-Dákẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá olórin náà sọ ọ́. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló fún un. Nígbà tí àwọn olórin yòókù ń kọrin nípa ọkọ̀ àti ọtí, tirẹ̀ ni pé kí mẹ̀kúnnù má ṣe panu mọ́ bí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ jẹ. Ìyá Ìbéèrè fúnra rẹ̀ máa ń kọ orin náà nídìí ìfọṣọ tẹ́lẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin aránṣọ kan ló ń rán gbogbo aṣọ tí Má-Dákẹ́ fi ń gun orí ìtàgé. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà, torí pé aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ni èèyàn lára. Lọ́jọ́ tí Má-Dákẹ́ ṣe eré ńlá ní pápá ìṣeré, wọ́n bá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn inú ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè gbé nǹkan mọ́. Bí èèyàn bá bi í ní ọ̀rọ̀, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tí yóò tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí adájọ́ tó máa gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Má-Dákẹ́ sọ kò gùn. Ó ní ọ̀sán gangan ni òun lọ mú jákẹ́ẹ̀tì tuntun náà, ó ti parí, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún òun, àwọn jọ rẹ́rìn-ín, òun sì fi í sílẹ̀ ní àlàáfíà. Atúnbàtàṣe tó ń jókòó síta lẹ́nu ilé náà sọ pé nírọ̀lẹ́ ni òun rí i, tó ń sáré jáde, tó ká jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ abíyá. Àárín ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ní báyìí, atúnbàtàṣe ti kó ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìyá aránṣọ náà kò bèèrè pé kí wọ́n ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ Ìyá Ìbéèrè: kí ilé ẹjọ́ sọ ọ́ síta pé ọmọ òun kò ṣubú fúnra rẹ̀. Ìlú ti ń sọ ọ́ kiri pé ọtí ló gbé e ṣubú, obìnrin tí kò fi ẹnu kan ọtí rí. Ìyá Ìbéèrè sì ti ṣèlérí fún ìyá arúgbó náà, èyí tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ó jáde sí ẹnu géètì. Ìgbà yẹn ló wá kíyè sí i pé yàtọ̀ sí ijó, ohun kan tún wà tí gbogbo wọn jọ ní. Òwú funfun gbọọrọ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sí èjìká òsì aṣọ wọn, ojú rírán ńlá ńlá tí kò bá ara mu.

"Kí ni ti òwú yìí?" ó bi obìnrin olómi tútù.

"Òwú Má-Dákẹ́ ni, Mà. Bó ṣe wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ eré ńlá nìyẹn. Gbogbo ìlú ló ń wọ̀ ọ́."

"Ijó yẹn ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn náà ló dá a. Kò gbé apá òsì sókè títí eré fi parí. Ẹ ò rí i pé ọpọlọ ẹ̀ pé?"

Wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìbéèrè nítorí pé kì í sú u láti bèèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìdí tí ọkùnrin tó ń fi apá méjèèjì jó láti ọdún gbọọrọ ṣe ń fi ẹyọ kan jó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sí ikùn, ó sì ní kí Sájẹ́ńtì gbé mọ́tò.

Owó ló kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹlẹ́rìí bá sùn tó sì jí láìrántí ohun tó rí mọ́, àpò rẹ̀ ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ atúnbàtàṣe, ojú rẹ̀ ti ń wá páànù tuntun, fóònù tuntun, tàbí eyín tó ń tàn ju ti àná lọ. Kò rí ọ̀kankan. Pẹpẹ tí bàtà àwọn oníbàárà máa ń kún ti ṣófo. Ilẹ̀ tutù, ó sì ń rùn.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Èló ni wọ́n fún yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ibi tí mo wà, Mà. Ṣé báyìí ni ẹni tó gbowó ṣe ń rí?"

"Ẹ̀rù ni wọ́n dà bò yín nígbà náà. Ṣé máníjà ẹ̀ wá síbí?"

"Ẹnì kankan ò wá látọ̀dọ̀ Má-Dákẹ́. Ká ní ó rán èèyàn wá ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà."

"Ta ló wá wá?"

"Gbogbo èèyàn ni." Ó mú òòlù kékeré rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ fi lù. "Ẹni tí mo ti ń tún bàtà ẹ̀ ṣe látìgbà tó wà nílé ìwé ló kọ́kọ́ wá kó ẹrù ẹ̀. Kò bú mi o. Ó kàn ní òun ò fẹ́ kí ọ̀dàlẹ̀ fọwọ́ kan bàtà òun. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, pẹpẹ ti ṣófo. Wọ́n ń da omi ìdọ̀tí lé mi lórí látòkè. Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n ń gbé e kiri lórí fóònù pé káyé wá wo ojú òpùrọ́. Ìyàwó ọmọ mi bímọ, Mà. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́."

Sájẹ́ńtì wo ilẹ̀. Bàbá àgbà lòun náà.

"Ṣùgbọ́n ẹ rí Má-Dákẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn," ni Ìyá Ìbéèrè wí.

"Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí."

"Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́."

"Ẹnu ayé lẹbọ, mo sì ti rú tèmi. Ìyá, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ kan. Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ gbé ọmọ ọmọ mi wá kí n rí i?"

Ìyá Ìbéèrè dìde, ó ti dé ibi mọ́tò kó tó yíjú padà. "Jákẹ́ẹ̀tì tó ká mọ́ abíyá yẹn, ẹ rí òwú funfun lára ẹ̀?"

"Mi ò rí òwú. Apá aṣọ náà kan ló ń jù fẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, bí ìgbà tí kò tíì lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Mo tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé aṣọ olówó mà rèé."

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó ló kàn, Ìyá Ìbéèrè ò sì fẹ́ lọ. Yàrá náà wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sún mọ́ dígí kó lè máa wo ìta. Mọṣíìnì rẹ̀ wà ní igun, wọ́n ti da aṣọ bò ó.

"Wọ́n ní ó ti parí," ni ìyá arúgbó náà sọ kí àlejò tó jókòó.

"Kò tíì parí, Mama."

"O kì í purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin kan wọlé, ọmọ àbúrò ìyá arúgbó, tó máa ń wá bá wọn wẹ aláìsàn. Ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́. Òwú funfun wà léjìká òsì tirẹ̀ náà; wọ́n pín in fún wọn níbi iṣẹ́ ni, kò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ òsì gbá èjìká rẹ̀ mú. Ó fi èékánná wá ẹnu òwú náà títí ó fi rí i, ó fà á, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó wé e mọ́ ìka, ó bọ́ ọ sínú agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ló wo èjìká kejì. Nígbà tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó fi ọmọ náà sílẹ̀.

"Má bínú sí i," ni ìyá arúgbó sọ. "Bó ṣe ṣe nọ́ọ̀sì nìyẹn. Kò lè rí òwú yẹn lára èèyàn kó fojú fò ó."

"Kí ló dé?"

"Dúró-dè-mí ni òun máa ń pè é. Òun ló fi ń so apá aṣọ mọ́ èjìká kí mọṣíìnì tó kàn án. Tó bá ti rán an tán pátápátá, á fà á yọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ó ní aṣọ tí dúró-dè-mí bá ṣì wà lára ẹ̀, aṣọ tòun ni, kò tíì di ti oníbàárà. Ìyàwó kan tí ọkọ àti àlejò ń retí wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kó jẹ́ kóun máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní àga kó jókòó dè é."

Ìyá Ìbéèrè sún mọ́ ọn. "Mama, ṣé ó lè gbàgbé láti yọ ọ́? Ká ní iṣẹ́ pọ̀, ká ní wọ́n ń kán an lójú?"

Ìyá arúgbó náà wo ọmọ rẹ̀. "Ó gbàgbé orúkọ mi, ọmọ mi. Ìwọ náà rí i báyìí bóyá ó gbàgbé òwú."

Ní àgọ́, ó tẹ́ àwọn fọ́tò sórí tábìlì. Sájẹ́ńtì gbé omi kalẹ̀, ó sì dúró, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àti pé ọ̀gá òun ti rí èje.

"Wo fọ́tò eré," ó ní. "Èjìká òsì, òwú wà. Èjìká ọ̀tún?"

"Kò sí, Mà."

"Wo èyí tí àwa fúnra wa yà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ló wà lórí tábìlì mọṣíìnì?"

"Sísọ́ọ̀sì. Àti òwú funfun kan tí wọ́n wé, ẹyọ kan."

"Ó ti rán apá ọ̀tún tán, ó ti fa òwú ẹ̀ yọ, ó wé e mọ́ ìka bó ṣe máa ń ṣe. Apá òsì ló kù. Òwú nìkan ló ṣì so ó mọ́ èjìká. Ìyẹn ni atúnbàtàṣe fi rí i tó ń jù fẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ni kò fi gbé apá òsì sókè lórí ìtàgé. Tó bá gbé e sókè, apá aṣọ á já níwájú gbogbo ayé."

Sájẹ́ńtì rọra jókòó. "Nígbà náà, obìnrin yẹn ò gbé aṣọ náà fún un."

"Kò lè gbé e fún un. Iṣẹ́ ò tán. Ó ní kó dúró, kò dúró. Ó fà á, obìnrin náà ò jẹ́ kó lọ, títí wọ́n fi dé orí àtẹ̀gùn."

"Má-Dákẹ́ ní aṣọ náà ti parí lọ́sàn-án. Irọ́ ni." Sájẹ́ńtì wo fèrèsé, níbi tí àwọn èèyàn ṣì ti ń jó. "Mà, ẹ̀rí ni wọ́n gún sára yẹn. Gbogbo ìlú. Wọ́n sì ń fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ jó."

"Mo rí i."

"Tí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

"Tó bá bá a tán ńkọ́, Sájẹ́ńtì? Kí ló máa ṣe fún un?"

Ní yàrá ìdánrawò Má-Dákẹ́, òdòdó kún ilẹ̀ débi pé èèyàn ní láti wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí. Ọkùnrin náà dìde nígbà tó rí i, ó fa àga fún un. Ojú tó fani mọ́ra ló ní, Ìyá Ìbéèrè sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ṣì ń rí i bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyá mi. Iṣẹ́ yín lẹ ń ṣe. Mi ò bínú sí yín."

"Mo dúpẹ́. Ta ló ní kí òwú yẹn wà léjìká jákẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi ni. Àrà ni mo fi dá."

"O sọ fún Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pé kó má yọ ọ́?"

"Mo sọ fún un."

"Ó sì gbà."

"Kí ló dé tí kò fi ní gbà? Oníbàárà ẹ̀ ni mí."

"Kò sí lára aṣọ kankan tó ti rán fún ọ rí. Mo ti wo gbogbo fọ́tò."

"Ìdí tó fi ń jẹ́ àrà nìyẹn, Ìyá mi."

"Ijó náà ńkọ́?"

"Orí ìtàgé ló ti sọ sí mi lọ́kàn."

"Àwọn oníjó ẹ ní apá méjèèjì lẹ fi dánra wò. Wọ́n ní orin àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú mọ́ àwọn lọ́wọ́ torí pé tìrẹ ò lọ sókè."

Ẹ̀rín dúró lójú rẹ̀, kò kúrò, kò sì tẹ̀ síwájú. "Ṣé ara ò gbọdọ̀ fẹ́ ìyípadà ni?"

"Ara lè fẹ́ ẹ. Àbí apá aṣọ ló fẹ́ já?"

Má-Dákẹ́ ní kí máníjà òun gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wá. Nígbà tó dé, Ìyá Ìbéèrè na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀. Òwú funfun wà léjìká òsì, ó wà léjìká ọ̀tún, ó wà lápò, ó wà lẹ́yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aránṣọ mìíràn ti fi mọṣíìnì kan gbogbo ojú rírán rẹ̀ lọ́tun. Má-Dákẹ́ gbé e wọ̀, ó na apá méjèèjì sókè, ó yí po níwájú rẹ̀. Kò sí ibi tó já.

"Àwọn olólùfẹ́ ló fẹ́ kó pọ̀ sí i," ó ní. Ó sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì sí ìgbéraga nínú rẹ̀ rárá. "Ìyá mi, pápá ti kún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń pe orúkọ mi. Aṣọ mi ni mo ní kó fún mi. Aṣọ lásán. Ó kàn ń sọ pé kí n dúró..."

"Má-Dákẹ́," ni máníjà sọ látẹ̀yìn, "dákẹ́."

Ó sì dákẹ́.

Kí Ìyá Ìbéèrè tó lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba, ó yà lọ́dọ̀ olórí àwọn aránṣọ, ọkùnrin tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́. Òkìtì aṣọ wà níwájú rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún òwú funfun sí èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

"Gbogbo wa la mọ òwú yẹn," ó ní. "Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ rí fọ́tò eré, a rẹ́rìn-ín níbí. A ní iṣẹ́ ò tán lọ́wọ́ ẹni tó rán èyí."

"Ẹ wá bá mi sọ ọ́ nílé ẹjọ́."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ wo ohun tó ń tà." Ó fi àgbọ̀n júwe òkìtì aṣọ náà. "Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ṣe atúnbàtàṣe. Èmi tún wá ní ọmọ iṣẹ́ tó ń jẹun lábẹ́ mi. Ẹ bá mi kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò ní láfiwé."

"Ọwọ́ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́."

Ìgbà yẹn nìkan ni abẹ́rẹ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Agbẹjọ́rò ìjọba kò fi í ṣẹ̀sín, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo fọ́tò méjèèjì, ó tún wọn wò, ó yọ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo gbà yín gbọ́," ó ní.

Èyí ló dun Ìyá Ìbéèrè jù nínú gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì ti yí padà. Ó máa ní àrà lòun fi òwú dá. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe àrà? Obìnrin tí ò lè sọ̀rọ̀? Ẹni tó rí i ní òun ò rí i mọ́. Aránṣọ ńkọ́, ẹ rí ọ̀kan?"

"Mi ò rí."

"Òwú tí adájọ́ ń rí lára awakọ̀ ẹ̀ láràárọ̀, ṣé òun ni kí n gbé dìde pé ẹ̀rí rèé? Ọmọ tèmi gan-an ń wọ̀ ọ́. Mo ní kó bọ́ ọ, ó ní kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ wí?" Ó ti àwọn fọ́tò náà padà sí i. "Tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó máa dìde sọ ohun tó mọ̀, ẹ padà wá. Ọ̀sán tàbí òru, ẹ padà wá."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀.

Àwọn èrò ti dí ọ̀nà nígbà tó ń padà lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó, ó sì ní láti fi mọ́tò sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn. Wọ́n ń tì í síwájú, wọ́n ń tì í sẹ́yìn, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ìyá kan dì mọ́ ọn, ó ní kó bá àwọn yọ̀, ọmọ àwọn ti bọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan na omi sí i pé kó mu, nítorí òùngbẹ hàn lójú rẹ̀. Èèyàn rere ni wọ́n. Ká ní wọ́n jẹ́ èèyàn burúkú ni, ìbá mọ bó ṣe máa kórìíra wọn.

Ìyá arúgbó náà jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbéèrè sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí apá ọ̀tún tó ti tán títí dé orí àtẹ̀gùn. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Kò ṣubú fúnra ẹ̀, Mama. Mo ti wá mọ̀ ọ́ dájú."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn."

"Ta ló máa sọ ọ́ nínú wọn?"

Ariwo orin ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyá arúgbó náà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ èsì.

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," ó ní. "O gbìyànjú, ọmọ mi."

Ìyá Ìbéèrè fẹ́ kó bú òun. Kò bú u. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló gbé ọwọ́ òsì sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì, tó fi ń pè é pé kó sún mọ́ òun. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó rò pé obìnrin náà fẹ́ di ọwọ́ òun mú. Èjìká rẹ̀ ló dì mú. Ẹnì kan nínú èrò ti so òwú funfun mọ́ ọn lára, kò sì mọ̀. Aránṣọ náà wá ẹnu rẹ̀, ó fà á yọ, ó wé e mọ́ ìka, ó bọ́ ọ sínú agolo. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú ibẹ̀ kó jọ̀lọ̀, bí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ tó tán fún oníbàárà.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìta. Wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, títì kún dé etí méjèèjì, apá òsì mọ́ ìhà, òwú funfun léjìká gbogbo wọn. Ojú rẹ̀ ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ tòsí jù, ọwọ́ náà sì kan dígí. Ó gbé e kúrò, ó tún nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé e.